Òwú Àràbà Kì í Rì

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kọ ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé àkọsílẹ̀ mi, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò sì bára mu. Nínú èyí àkọ́kọ́, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Nínú èkejì, mo ti pé mọ́kànlá. Nínú ẹ̀kẹta, mo fi ojú ara mi rí ojú àgbàrá náà, òwú funfun sì bò ó pinpin. Nísinsìnyí, n kò mọ̀ bóyá mo rí i lóòótọ́, tàbí wọ́n sọ ọ́ létí mi títí ó fi di ohun tí mo rí. Kí ẹni tó bá ń kà á fi í sọ́kàn pé ẹlẹ́rìí tó ń sọ̀rọ̀ yìí kò gba ara rẹ̀ gbọ́ tán.

Ọdún 1976 ni mo kúrò ní Ọ̀wọ̀. N kò ní sọ nǹkan kan nípa ọ̀nà; ọ̀nà kò ṣe mí ní ibi. Ìlú etíkun kan ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo dé sí, ohun tó sì kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù níbẹ̀ kì í ṣe òtútù tí gbogbo ènìyàn ti kìlọ̀ rẹ̀ fún mi. Òjò ni. Òjò wọn a máa rọ̀ láìsí ìjì, láìsí ààrá, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ẹni tó ń jalè, kò sì sí ẹni tó ń sáré nítorí rẹ̀. Nílé, bí ojú ọ̀run bá ti ṣú, gbogbo agbo ilé ni yóò dìde: ẹni tó sá àgbàdo, ẹni tó sá aṣọ, ẹni tó fi ẹrù sílẹ̀ níta. Ní ìlú yìí, èmi nìkan ni mo máa ń dìde. N óò ti kúrò lórí àga mi nínú ọ́fíìsì, ọwọ́ mi á ti nà síwájú, yóò máa wá ohun tí yóò kó wọlé. Lẹ́yìn náà ni n óò tó rántí pé n kò sá nǹkan kan síta. N óò tún jókòó.

"Ibo lò ń lọ?" Dórísì bi mí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan. Dórísì ni obìnrin àgbà tó ń lu ihò sára káàdì tí kọ̀ǹpútà wa ń kà.

"Òjò fẹ́ rọ̀ ni."

"Inú ilé lo kúkú wà, ọmọ yìí. Àbí iyọ̀ ni ọ́?"

Mo rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. N kò sọ ìyókù fún un.

Ìyókù náà nìyí. Bàbá mi ń rán tìmùtìmù àti ìrọ̀rí ní àárín ìlú Ọ̀wọ̀, ní ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí. Òwú àràbà ló ń kì sínú wọn. Imeri, níbi tí wọ́n ti bí ìyá mi, ni wọ́n ti ń kó o wá fún un, àpò lórí àpò. Ilé wa jẹ́ ilé àtijọ́ alágbàlá. Yàrá yí àgbàlá ká, òrùlé ń da omi sí àárín, omi sì ń gba ihò kan ní ìsàlẹ̀ ògiri jáde síta. Ihò yẹn ni à ń pè ní ojú àgbàrá. Inú àgbàlá yìí kan náà ni bàbá mi ń sá òwú sí. Èmi ni wọ́n yan iṣẹ́ fún: bí òjò bá ṣú, kí n kó òwú wọlé, kí n sì ki ọwọ́ bọ ojú àgbàrá, kí n yọ ohunkóhun tó bá wà níbẹ̀. Iṣẹ́ méjì péré.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni, lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn tó pẹ́. Mo wà ní pápá níbi tí a ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Òjò ṣú, mo sì rí i pé ó ṣú. Mo sọ fún ara mi pé bí ẹgbẹ́ wa bá ti gbá góòlù kan sí i wọlé, n óò lọ. Nígbà tí mo délé, omi àgbàlá ti dé orúnkún mi, òwú sì bo ojú rẹ̀ láti ògiri dé ògiri. Àbúrò mi obìnrin, Sàfúrátù, tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta, wà nínú yàrá ìkángun, ibà ló dá a dùbúlẹ̀. Ògiri amọ̀ ni ògiri yàrá náà. Omi mu ìsàlẹ̀ rẹ̀ títí ó fi rọ̀. Ó wó sínú yàrá, kò wó síta.

Ní àdúrà ọjọ́ kẹjọ Sàfúrátù, nígbà tí àwọn àlùfáà ń kó bàtà wọn wọ̀, ẹnì kan bi bàbá mi léèrè ohun tó fà á. Ó ní, "Òwú ló dí ojú àgbàrá." Kò wo ibi tí mo jókòó sí. Kò tún sọ ọ́ mọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé bá a. Kò sẹ́ni tó nà mí. Ìbá sàn kí wọ́n nà mí.

Ẹ má rò pé mo wá iṣẹ́ tí mo ń ṣe ní ìlú òkèèrè kiri nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Ìṣirò ni mo kà ní yunifásítì, wọ́n sì gbà mí sí ọ́fíìsì kan tó ń bá àwọn tó ń fi átọ́míìkì ṣe iná mànàmáná ṣe ìṣirò. Ọdún kan kọjá kí n tó mọ ohun tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́. Nínú irú ilé iná bẹ́ẹ̀, omi gbígbóná ń gba inú páìpù ńláńlá kọjá. Wọ́n fi òwú tí wọ́n fi ìgò ṣe wé páìpù náà, kí ooru rẹ̀ má baà ṣòfò. Bí páìpù kan bá bẹ́, omi yóò kún ilẹ̀ ilé náà, agbára rẹ̀ yóò sì ya òwú náà wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Omi yìí kan náà ni ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ fà padà láti ìsàlẹ̀, kí ó tún lọ tu ọkàn iná náà lára, kí ó má baà yọ́. Asẹ́ irin kan wà ní ẹnu ibi tí ẹ̀rọ ti ń fa omi. Ìbéèrè tí wọ́n ní kí n fi kọ̀ǹpútà dáhùn kò ju ẹyọ kan lọ: ǹjẹ́ òwú yóò dí asẹ́ náà?

Nígbà tí mo kà á tán, mo jáde lọ dúró níta nínú òjò wọn tí kì í pariwo.

Ọgbọ́n iṣẹ́ náà ni kí a pín ilẹ̀ ilé náà sí igun kéékèèké nínú ìṣirò, kí a máa ka bí omi ti ga tó nínú igun kọ̀ọ̀kan àti ibi tó ń ṣàn sí, kí a sì fi àmì kan dúró fún ègé òwú kọ̀ọ̀kan, kí omi máa gbé e lọ. Dórísì yóò lu káàdì. A ó kó wọn lé ẹ̀rọ lọ́wọ́ ní ìrọ̀lẹ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ìwé gígùn tó kún fún nọ́ńbà yóò ti máa dúró dè wá. Ọ̀gá wa, ọkùnrin gíga kan tí kì í gbé ohùn sókè, ti ní ìdáhùn tirẹ̀ kí á tó bẹ̀rẹ̀.

"Òwú ìgò máa ń léfòó," ló wí ní ìpàdé. "Ìsàlẹ̀ ni asẹ́ wà. Kí ló tún kù?"

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, yóò mu omi, yóò sì rì. Ilẹ̀ ni yóò gbà dé ibi asẹ́."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Mo ti rí i rí, sà. Nílé wa."

"Ẹ ní ilé iná átọ́míìkì nílé yín?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Mo dúró kí ẹ̀rín náà parí. Mo ní, "Rárá, sà. Àgbàlá la ní."

Bóyá nítorí pé n kò rẹ́rìn-ín ló fi gbà kí á dán an wò. Wọ́n bu omi gbígbóná sínú àgbá onígíláàsì kan, wọ́n da òwú ìgò sí i. Kí á tó mu tíì wa tán, òwú náà ti rì sísàlẹ̀, ó tẹ́ bí aṣọ tí a fi sínú ọṣẹ. Ọ̀gá wa wò ó pẹ́. Ó ní kí n tún ìṣirò náà ṣe. Mo tún un ṣe: àmì kọ̀ọ̀kan kọ́kọ́ ń léfòó, ó ń mu omi, ó ń rì, ó sì ń rá lórí ilẹ̀ lọ sí ibi tí omi ń fà á sí. Ìwé tó jáde lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì fi hàn pé òwú fẹ́rẹ̀ẹ́ bo asẹ́ náà tán. Nígbà tí a kọ ìròyìn iṣẹ́, ọ̀gá wa kọ orúkọ mi sí iwájú orúkọ tirẹ̀. N kò rí irú iyì bẹ́ẹ̀ rí ní ilẹ̀ yẹn. Mo fẹ́ kí ẹnì kan nílé gbọ́. Lẹ́yìn náà ni mo ronú pé, kí ni n óò sọ? Pé ohun tó pa Sàfúrátù ló sọ mí di ènìyàn?

Tẹlifóònù kò rọrùn nígbà náà. Ẹ̀gbọ́n mi, Ràfíù, jẹ́ akọ̀wé ní ilé ìwòsàn kan ní Ọ̀wọ̀, tẹlifóònù sì wà nínú ọ́fíìsì ọ̀gá rẹ̀. N óò kọ lẹ́tà láti dá ọjọ́. Ìyá mi yóò ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì níbẹ̀ láti ìgbà tó bá ti kírun àárọ̀ tán. Ìgbà mìíràn, iná yóò kú lójú wáyà kí n tó gbọ́ ohùn rẹ̀. Bí ó bá dáa, a ó rí ìṣẹ́jú mẹ́ta.

"Ṣé o ti jẹun, ọkọ mi?"

"Mo ti jẹun, Màámi. Ṣé ara yín le?"

"Ara le. Òtútù wọn ò tíì pa ọ́?"

"Kò tíì pa mí, mà."

"Ìrọ̀rí yẹn ńkọ́?"

"Ó wà, mà. Òun ni mo ń sùn lé."

"Alihamudulilahi."

Ìrọ̀rí náà ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán fún mi nígbà tí mo ń lọ. Òwú tó ṣẹ́kù nínú ṣọ́ọ̀bù bàbá mi, lẹ́yìn ikú rẹ̀, ló kì sínú rẹ̀. Kò sí ìgbà tí kì í béèrè rẹ̀. Ohun tí kò béèrè rí ni ìgbà tí n óò wá sílé. Àwọn ìyá ẹgbẹ́ mi ń sunkún sí wọn létí lórí ọ̀rọ̀ yìí; ìyá mi kò béèrè lẹ́ẹ̀kan. Mo gbà pé mo mọ ìdí rẹ̀. Ta ni yóò máa fẹ́ rí ọmọ tó gbá bọ́ọ̀lù títí ògiri fi wó? Nítorí náà, n kò lọ. Ọdún kan di méjì, méjì di márùn-ún.

Èdè Ọ̀wọ̀ ni a ń sọ lórí wáyà. Èdè tí gbogbo ọmọ Yorùbá lè kà ni mo fi kọ ọ́ síhìn-ín, nǹkan kan sì ń ti ibẹ̀ jò dànù. Ní ọdún kẹrin, ìyá mi ní, "O ti ń sọ̀rọ̀ bí àlejò." Ó ń ṣe ẹ̀fẹ̀ ni. Mo bá a rẹ́rìn-ín. Àmọ́ mo tún ọ̀rọ̀ náà sọ fún ògiri yàrá mi ní ọjọ́ kejì, láti mọ̀ bóyá mo ṣì lè sọ ọ́ bí wọ́n ti ń sọ ọ́.

Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tí ìròyìn iṣẹ́ wa jáde, Dórísì jókòó tì mí níbi oúnjẹ ọ̀sán.

"Sọ òótọ́ fún mi. Báwo lo ṣe mọ̀ pé yóò rì?"

N kò mọ ohun tó ṣe mí. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: bọ́ọ̀lù, òjò, òwú, ògiri. N kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Kò gbá mi mọ́ra, kò sì sọ pé kí n pẹ̀lẹ́. Ó ní, "Irú òwú wo ni?"

Mo ṣàlàyé igi àràbà fún un, bí èso rẹ̀ ti ń gbẹ, tó ń là, tí òwú inú rẹ̀ ń fò kiri.

Ó gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀. "Kápọ̀kì nìyẹn! Atukọ̀ òkun ni bàbá mi. Ẹ̀wù tí wọ́n ń wọ̀ kí wọ́n má baà rì sómi, òun ni wọ́n kì sínú rẹ̀. Ọkọ̀ wọn dànù, òru méjì ló lò nínú omi. Òwú yẹn kì í rì, ọmọ mi. Ká ní ó máa ń rì ni, èmi ì bá má ní bàbá."

Ní àárọ̀ Sátidé, mo fi abẹ gé okùn tí ìyá mi fi rán ìrọ̀rí mi. Ó ti rán an ní méjìméjì, okùn náà kò fẹ́ já. Mo bu omi tútù sínú abọ́ kan, mo bu gbígbóná sínú èkejì, mo da òwú sí méjèèjì. Mo fi ṣíbí tẹ̀ ẹ́ wọ omi. Ó tún léfòó. Mo fi ọwọ́ dì í mú nísàlẹ̀ títí ọwọ́ mi fi pọ́n. Bí mo ti yọ ọwọ́, ó gòkè. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi ń jí wò ó. Ojú omi ló wà.

Òótọ́ ni mo sọ nípa òwú ìgò nígbà náà, àmọ́ irọ́ ni ẹ̀rí tí mo fi tì í lẹ́yìn.

N kò gbàgbé pé kò tọ́ láti fi kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ṣe ohun tí mo ṣe tẹ̀lé e. Mo kọ ìṣirò tuntun: àgbàlá kan, òrùlé mẹ́rin tó da omi sí i, ihò kan nísàlẹ̀ ògiri, òwú tó ń léfòó títí láé. Dórísì ló lu káàdì rẹ̀. Ó wò wọ́n.

"Ilé iná wo lèyí? Ó mà kéré."

"Ilé bàbá mi ni."

Ó lu gbogbo rẹ̀ tán.

Nínú ìwé tó jáde, ìgbàkígbà tí mo bá ṣí ojú àgbàrá sílẹ̀, bí ó ti wù kí òwú pọ̀ tó, òwú ń yí lójú omi, omi sì ń jáde lábẹ́ rẹ̀. Kò kọjá ọrùn ẹsẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni omi dé orúnkún: ìgbà tí mo dí ihò náà kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Nǹkan kan ti wà níbẹ̀ ṣáájú òwú. Mo ka ìwé náà lọ, mo kà á bọ̀. Iyèméjì mi pọ̀: ta ló wọn àgbàlá náà fún mi bí kò ṣe ìrántí ọmọdé kan? Ṣé orúnkún mi ni omi dé, tàbí orúnkún àgbàlagbà? Ẹ̀rọ lè sọ ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀. Kò lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù tí mo lè bi.

Nígbà tí wáyà gbà, n kò jẹ́ kí ó béèrè oúnjẹ.

"Màámi, kí ló dí ojú àgbàrá lọ́jọ́ tí ògiri wó?"

Mo gbọ́ tí wáyà ń kùn. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń ti ilẹ̀kùn nínú ọ́fíìsì náà. Mo rò pé ó ti lọ.

"Aṣọ ni," ìyá mi wí. "Èmi ni mo ki aṣọ bọ ibẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn ti pẹ́, kò sómi. Gbogbo obìnrin ilé ló ń ṣe é ní òjò àkọ́kọ́. A ó gba omi díẹ̀ sí àgbàlá, a ó bù ú, a ó wá yọ aṣọ. Mo sáré jáde lọ kó àgbàdo tí mo sá sí ilé ọ̀rẹ́ mi. Òjò sé mi mọ́ ibẹ̀."

"Màámi."

"Mo rò pé o rí mi ni. Mo rò pé o wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí mò ń ki aṣọ náà bọ ihò. Láti ọjọ́ náà ni o kò ti lè wo ojú mi tààrà. Nígbà tí o wá lọ tí o kò padà, mo ní, ó dáa, ó tọ́ sí mi. Kí n má pè é. Kí ó dúró sí ibi tí ara ti tù ú."

Ìṣẹ́jú wa ń lọ.

"Ìrọ̀rí ńkọ́?" ló béèrè.

"Mo ti tú u, mà."

"O tú u? Kí lò ń gbé orí lé?"

"Apá mi ni, mà."

Ó mí kanlẹ̀. Ó wá béèrè ohun tí kò béèrè láti ọdún márùn-ún: "Ìgbà wo lò ń bọ̀?" Wáyà já kí n tó dáhùn.

Mo kọ̀wé sí Ràfíù. Èsì rẹ̀ kò jẹ́ kí n sinmi. Ó ní, "Ta ló sọ fún ọ pé Màámi wà nílé nígbà tí òjò ṣú? Wọ́n ní ọjà ló wà láti àárọ̀." Àmọ́ Ràfíù fúnra rẹ̀ wà ní ilé-ìwé ní Àkúrẹ́ lọ́dún náà, ohun tí wọ́n sọ fún un lòun náà mọ̀. Mo ti gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò títí. Ó lè jẹ́ pé ìyá mi ló ki aṣọ bọ ibẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé ó gbọ́ ohun tó wà nínú ohùn mi, tó di ẹrù náà ru ara rẹ̀, bí ìyá ti í ṣe. Kò sí káàdì tí mo lè lù tí yóò dáhùn èyí. Mo kọ ọ̀nà méjèèjì sílẹ̀ sínú ìwé mi, n kò sì fa ìlà pa ìkankan.

Mo padà délé ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1982. Ìyá mi ti di kékeré. Kò kí mi pẹ́, ó gba àpò ìrọ̀rí òfìfo náà lọ́wọ́ mi, ó wo ibi tí mo gé, ó ní, "O ò tiẹ̀ mọ aṣọ gé." Ó ti ní kí wọ́n kó òwú wá láti Imeri. Kò sẹ́ni tó tún yàrá ìkángun kọ́. Ewúro ló gbìn síbẹ̀. A jókòó sí àgbàlá lọ́jọ́ kẹta, àwa méjèèjì, a sá òwú sórí ẹní, a ń yọ kóró inú rẹ̀. A kò sọ̀rọ̀ wáyà náà. Ó ń sọ fún mi nípa ìyàwó Ràfíù tí kò mọ ẹ̀bà tẹ̀.

Ojú ọ̀run ṣú.

Ara mi dìde kí n tó mọ̀, ọwọ́ mi nà síwájú, bí ó ti ń ṣe ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Ní ọ̀tẹ̀ yìí, ohun tí yóò kó wà níbẹ̀. Ìyá mi náà ti dìde. A di ẹní náà mú, òun ní apá kan, èmi ní apá kejì, a gbé òwú wọlé láìjẹ́ kí ẹyọ kan já bọ́.

Lẹ́yìn náà, mo lọ kúnlẹ̀ níbi ojú àgbàrá. Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ títí dé ìgbọ̀nwọ́.

"Kò sí nǹkan níbẹ̀, Màámi."

Mo gbọ́ tí orúnkún rẹ̀ ń ró bí ó ti ń kúnlẹ̀ tì mí. Ó na ọwọ́ tirẹ̀ bọ inú ihò náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ mi, ó wá inú rẹ̀ yí ká, òkè àti ìsàlẹ̀, bí ẹni tí kò gba ẹnikẹ́ni gbọ́.

"Kò sí," ó wí.

Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán sí wa lẹ́yìn. Kò yọ ọwọ́, èmi náà kò yọ ọwọ́, títí omi àkọ́kọ́ fi ṣàn dé, tó gba àárín ìka wa kọjá síta.